Bí ẹni tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún ṣe lè fi ìdúró ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ní Àkúrẹ́ ni kò gba ìjókòó. Olùkọ́ ń dúró níwájú pátákó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, onídìrí ń dúró lẹ́yìn orí oníbàárà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, olóúnjẹ ń dúró ti odó iyán, télọ̀ ń dúró ti áyọ́ọ̀nù, nọ́ọ̀sì ń ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan bọ́ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ní Alágbàka kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá bá òun lórí àga. Ọdún 21 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú yìí, mo sì fi ọdún 9 tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ bá ẹ̀yìn ríro wọ̀jà. Nígbà tí mo ń wá ojútùú kiri, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi ni pé kí n máa dúró ṣánṣán. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń dá kún un. Ẹ̀yìn mi kò bá ìdúró jà rárá. Dídúró sójú kan, ní ìrísí kan náà, fún ìṣẹ́jú 40 gbáko ni kò lè fara dà. Bí a ṣe lè yí èyí padà láìfi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tí à ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ egungun ìhà tó kẹ́yìn títí dé orí ìdí. Eegun 5 tó nípọn jù nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀, àwọn ló sì ń ru gbogbo òkè ara. Bí ibẹ̀ bá ti ń ro ènìyàn ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, àwọn oníṣègùn a kà á sí bárakú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro ní ọdún 2020, wọ́n sì fojú díwọ̀n pé iye náà yóò tó mílíọ̀nù 843 ní ọdún 2050. Nínú ènìyàn 10 tó bá ní i, nǹkan bí 9 ni a kò ní rí àrùn kan pàtó tàbí eegun tó ṣẹ́ tí a lè nàka sí pé òun ló fà á. Ìdí nìyí tí fọ́tò eegun tí a náwó lé lórí kì í fi í sọ ohun tó yé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sọ aláìsàn di òpùrọ́. Ìrora náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú iṣan, inú oríkèé, àti nínú ọ̀nà tí a ń gbà lo ara lójoojúmọ́ ni a ti máa ń rí ìdí rẹ̀, kò sí nínú àwòrán.

Ní ilẹ̀ wa, bí ìbàdí bá ti ń ro ènìyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Wọn yóò ní kí ó fi ṣúgà sílẹ̀, wọn yóò sì gbé ìgò àgbo lé e lọ́wọ́. Èmi náà mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá jáde ní kíláàsì. Jẹ̀díjẹ̀dí wà, ihò ìdí ni ó sì ti ń bá ènìyàn jà: iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ a máa wú, a sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìrora tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti dúró fún bíi wákàtí kan, tó sì ń fúyẹ́ bí a bá jókòó tàbí tí a rìn díẹ̀, ibòmíràn ló ti wá. Àgbo tó ń fọ inú a tún máa fa omi kúrò lára ẹni tí yóò dúró nínú ooru títí di ìrọ̀lẹ́, èyí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Kí ẹ tó tẹ̀lé ohunkóhun nínú ohun tí mo fẹ́ kọ, ó yẹ kí ẹ mọ ìrora tí ọgbọ́n ìdúró kò lè kápá. Bí ẹ kò bá lè kó ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ níjàánu mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tí ojú ara àti àárín itan kú tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ tí kò gbé yín mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti fún àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn jáde mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì pẹ́ níbẹ̀, ohun tó bàjẹ́ lè má ṣeé tún ṣe. Ẹ tún jẹ́ kí dókítà rí yín kíákíá bí ìrora náà bá ń jí yín lójú oorun lóru tí ìyípadà kankan kò sì dín in kù, bí ẹ bá ń ní ibà àti òógùn òru, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa mú eegun ẹ̀yìn nígbà mìíràn, kódà nígbà tí ẹni náà kò wúkọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ nìkan ló fà á, nítorí orí eegun itan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè máa dùn ún ní ìgbáròkó, kí ó sì dà bí ìbàdí.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ rántí asẹ́ḿbìlì ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo wa wà ní àténṣàn, tí ọ̀gá sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nínú oòrùn. Bí ó bá pẹ́, ọmọ kan yóò ṣubú. Ebi lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò mira kò lè ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ó ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ títí tí orí fi ń pòòyì. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn náà ń rí irú ìyà yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Iṣan tí a fà le tí a kò sì tú u sílẹ̀ a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú ara rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní wọlé bó ṣe yẹ, ìdọ̀tí iṣẹ́ kò sì ní jáde. Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, a ó ti ikùn síwájú láìmọ̀, a ó ti orúnkún sẹ́yìn kí ó le gbagidi, gbogbo ìwọ̀n ara yóò sì bọ́ lé oríkèé tó wà lẹ́yìn eegun. Láàrin eegun kan sí èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tó ń ṣe bíi tìmùtìmù. Lára àgbàlagbà, ohun rírọ̀ yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan tirẹ̀: bí fóòmù tí a ń tẹ̀ tí a sì ń tú sílẹ̀ nínú omi ni ó ṣe ń gba oúnjẹ. Bí a kò bá mira, ebi ni a ń pa á.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ mẹ́ta láìyí nǹkan kan padà. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ẹsẹ̀ tí ẹ gbé ìwọ̀n lé, àti ohun tó mú un fúyẹ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, èmi sì gbà pé òun ló níye lórí jù. Láti inú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí i pé ìṣẹ́jú 25 ni ẹ̀yìn mi lè fara dà, àti pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo máa ń fara tì ní gbogbo ìgbà nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé sórí pátákó. Bí ẹ bá mọ ìṣẹ́jú tiyín, ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀: kí ẹ má dúró sójú kan ju iye tó kù lọ, bí ó ti wù kí iṣẹ́ dùn tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ara yóò máa padà sí. Ẹ dúró láìwọ bàtà, kí àyè tó wà láàrin ẹsẹ̀ yín tó ìbú ìbàdí yín. Ẹ fì síwájú díẹ̀ kí ìwọ̀n bọ́ sí ìka ẹsẹ̀, ẹ fì sẹ́yìn kí ó bọ́ sí gìgísẹ̀, kí ẹ wá dúró ní àárín. Ẹ tú orúnkún sílẹ̀ kí ó má le, ṣùgbọ́n kí ó má tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò fi rí i. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ẹ ti ìdí sẹ́yìn kí ihò ẹ̀yìn jìn dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ ká ìdí sábẹ́ kí ihò náà tẹ́. Láàrin méjèèjì, ibì kan wà tí ẹ kò ti ní mọ̀ pé ìbàdí wà lára yín. Ibẹ̀ ni ilé. Kí àyà wà lókè ìbàdí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí èjìká sì sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tí a fi kọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ bí ère. Ẹni tó bá fi ipá di ìdúró yìí mú ti padà sí àténṣàn nìyẹn.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ, búlọ́ọ̀kù kan péré ni yóò sì ná yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé ohun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí kí ó tó pé bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì márùn-ún tí a tẹ́ pẹrẹsẹ wà láàrin ìwọ̀n yìí gẹ́lẹ́, ti oní-ínǹṣì mẹ́fà kò sì burú. Ẹsẹ̀ tó gòkè yóò dẹ iṣan tó ti iwájú itan lọ so mọ́ eegun ẹ̀yìn, ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì dín jíjìn kù. Ìdí nìyí tí ẹni tó dúró ti káńtà tó ní irin ìtẹsẹ̀ nísàlẹ̀ fi máa ń pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ àǹkárá bo búlọ́ọ̀kù tèmi ní kíláàsì. Àwọn ọmọ pè é ní ìtẹ́ ọba, n kò sì bá wọn jiyàn.

Gíga ohun tí ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ẹ dúró, ẹ tẹ ọwọ́ ní ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé àwo, kí ẹ wọn láti ìgbọ̀nwọ́ dé ilẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba ojú, bíi kí a máa tún ìlẹ̀kẹ̀ sín, yẹ kí ó ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ díẹ̀. Iṣẹ́ tí kò gba agbára púpọ̀, bíi kíká aṣọ tàbí gígé ewébẹ̀, dára ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Iṣẹ́ tí a fi ń rọ gbogbo ara lé nǹkan, bíi pípo ìyẹ̀fun búrẹ́dì tàbí fífi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ òkè, gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20. Tábìlì tó kúrú ni ó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa, nítorí ẹni tó kàn án kò wọn ẹni tí yóò lò ó. Pákó mẹ́rin tí a kàn mọ́ ìdí ẹsẹ̀ tábìlì yanjú ọ̀rọ̀ náà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Káfíntà kò ní gba owó gọbọi lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí iyán, nítorí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, iṣẹ́ ìdúró ni, àwọn tó ń ṣe é kì í sì í kà á sí ohun tó lè ba ẹ̀yìn jẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ní búkà kan lágbègbè Òkè Àró, níbi tí wọ́n ti ń gún odó mẹ́jọ lójúmọ́. Mo fi ọ̀sán kan jókòó wo ọmọbìnrin tó ń gún un, ẹni tí ìbàdí ti ń ro láti oṣù mélòó kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì so pọ̀, orúnkún rẹ̀ le, odó sì jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ fi ń tẹ̀ tẹ̀lé ọmọ odó ní gbogbo ìgbà tó bá wọlẹ̀. A fa odó súnmọ́ ọn títí tí àyè tó wà láàrin odó àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. A ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, kí ara máa fì sẹ́yìn bí ọmọ odó bá ń gòkè, kí ó máa fì síwájú bí ó bá ń bọ̀, kí orúnkún sì máa rọ̀ bá a. Bí ó bá ti gún un nígbà ọgbọ̀n, kí ó pààrọ̀ ẹsẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ ọwọ́ tó wà lókè. A fi ọmọ odó tó gùn rọ́pò èyí tó ti jẹ lẹ́nu tí ó sì kúrú, kí ó má bàa máa bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ odó tó lè kan ìdí odó. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò láti bu iyán, kí ó jókòó lórí àpótí kó bù ú, dípò kí ó dá ìbàdí sí méjì lókè odó nígbà tí gbogbo iṣan ẹ̀yìn ti rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé ìrora náà lọ. Odó kẹta ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, odó kẹfà ni. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹni méjì gún odó kan pọ̀, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe, tí ọmọ odó ti ẹnì kan ń gòkè bí ti ẹnì kejì ti ń bọ̀, ó ń parí iṣẹ́ láìdi ìbàdí mú. Orin tí wọ́n fi ń tẹ̀lé e tilẹ̀ ń jẹ́ kí iṣan mọ ìgbà tí yóò le àti ìgbà tí yóò tú.

Ti onídìrí kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Kí ó gbé tìmùtìmù sábẹ́ oníbàárà nígbà tí ó bá ń ṣe ìpàkọ́, kí ó yọ ọ́ nígbà tí ó bá dé àtàrí, kí ó sì máa rìn yí orí náà ká dípò kí ẹsẹ̀ dúró kí ìbàdí máa lọ́. Àga gíga tí kò ní ẹ̀yìn, èyí tí ènìyàn lè fi ìdí kan lé nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, yẹ kó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù irun. Olùkọ́ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa kọ̀wé sí òkè orí tàbí sísàlẹ̀ ìdodo. Kí ó lo àárín pátákó, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún kọ. Bí ó bá fẹ́ kọjú sí kíláàsì, kí ó yí ẹsẹ̀, kí ó má yí ìbàdí nìkan. Kí ó máa ṣàlàyé bí ó ti ń rìn láàrin àwọn ọmọ, èyí tí yóò tún jí àwọn tó ń sùn lẹ́yìn.

Bàtà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sílípáàsì rọ́bà tó ti jẹ títí tó fi tín-ín-rín bí páálí àti bàtà gíga ìgbàlódé ni kò dára fún ìdúró lórí sìmẹ́ńtì tàbí tẹ̀rásò. Ẹ wọ èyí tó ní ìdí nínípọn, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tí ìka ẹsẹ̀ sì ráyè nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kúrò lójú kan, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tí a ṣẹ́ po sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìsinmi tí ara ń fẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kó yá. Ìṣẹ́jú kan ní ìdajì wákàtí wúlò ju kí a dúró fún wákàtí mẹ́rin kí a wá dùbúlẹ̀ fún ọ̀kan lọ. Nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í rántí aago, ẹ so ó mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: aago ìyípadà iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ìlà irun tó parí, oníbàárà tó sanwó tó sì jáde. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà 15 kí ẹ̀jẹ̀ gòkè. Ẹ ká ìdí sábẹ́ kí ẹ sì tì í sẹ́yìn nígbà 10. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri, ẹ fà sẹ́yìn kí apá àti ẹ̀yìn tẹ́ bí tábìlì, ẹ mí síta lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àyè bá wà, ẹ lóṣòó díẹ̀ bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ oko, nítorí ìlóṣòó a máa na ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tí ìdúró ti ká. Ẹni tí orúnkún ń dùn kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, kí ó jókòó kí ó sì tẹ̀ síwájú lórí itan rẹ̀.

Nílé, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ fún iṣan ìdí, ikùn àti ẹ̀yìn ní iṣẹ́ tí yóò sọ wọ́n di alágbára. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹ tẹ orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ lè fi ka ení dé àrún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe nígbà 10. Ẹ wá lọ sórí ọwọ́ àti orúnkún bí ọmọ tó ń rákò, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn láìjẹ́ kí ìbàdí fì, kí ẹ sì ṣe ti òdìkejì. Ìrora díẹ̀ tó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò burú; bí ó bá di ọjọ́ kejì tí kò tíì lọ, ẹ dín in kù sí ìdajì.

Rírìn náà wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àgbàlagbà 701 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro. Àwọn tí wọ́n fi ètò rírìn àti ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yìn ràn lọ́wọ́ lo nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ìrora tó padà dé, nígbà tí àwọn tí wọn kò fún ní ìrànlọ́wọ́ kankan lo ọjọ́ 112. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 ní kùtù, ní àdúgbò tí mọ́tò kò pọ̀ sí bíi inú Ìjàpò, kí ẹ sì máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi pé 30. Kí ẹnikẹ́ni má fi àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dán ara rẹ̀ wò ní oṣù àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ rọ̀ ọ́ tó.

Nípa bẹ́líìtì ìbàdí tí wọ́n ń tà káàkiri, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kò gbà wá níyànjú láti máa fi tọ́jú ẹ̀yìn ríro bárakú, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí fífa ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ, tàbí oògùn líle irú tramadol. Ìdánrawò, ẹ̀kọ́ nípa ìrora, àti ìtọ́jú ọwọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n gbé lárugẹ. Diclofenac àti ibuprofen lè ran ni lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá egbò sí ikùn, wọ́n sì lè ba kídìnrín jẹ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá wọn lò láìbi dókítà. Ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti ní Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀, ẹ lè béèrè fún àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ẹ mú ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n wò yín lórí ìdúró bí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ gan-an, nítorí ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tíì fi ìṣòro rẹ̀ hàn wọ́n.

Ọjọ́ kan yóò wà tí ìrora yóò tún ru sókè, bóyá lẹ́yìn ìsìn àìsùn tàbí ìnáwó tí ẹ dúró gbàlejò títí. Ẹ má ṣe di ẹni orí ibùsùn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí àga kí orúnkún tẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura tí a rẹ sínú omi gbígbóná, tí a fún dáadáa, tí kò sì lè jó ara, lé ìbàdí, lẹ́yìn náà kí ẹ dìde kí ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú tí ẹ ń dúró tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì máa fi márùn-ún márùn-ún kún un bí ara bá ti ń gbà.